Iṣan Tí Bọ̀ọ̀dá Mi Wí

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ṣòroó ṣàlàyé. Àwọn ènìyàn ni kì í fẹ́ gbọ́ ọ dópin. Tí mo bá ti dé ibi pé wọ́n máa ń gé iṣan ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n á gbé e wá bá wa nínú yìnyín, ẹni tó béèrè á ti máa wá ibi tí yóò gbà yí ọ̀rọ̀ padà. Bọ̀ọ̀dá mi nìkan ló máa ń gbọ́ ọ tán, tí á tún béèrè sí i. Òun ló sọ mí ní Onígò, nítorí àwọn ìgò kéékèèké tí mò ń tò sórí tábìlì láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́. Orúkọ náà mọ́ mi lára débi pé ìyàwó rẹ̀ gan-an, tó ti ní orúkọ tó fún mi tẹ́lẹ̀, padà gbà á lò.

Télọ̀ ni bọ̀ọ̀dá mi. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: tábìlì tó fi ń gé aṣọ, dígí gígùn kan tó ti sán létí, àga méjì fún oníbàárà, àti ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ tó ti ń lò kí n tó wọ ilé-ìwé gíga. Ó ní ẹ̀rọ oníná kan, aṣọ ló fi bò ó mọ́lẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Ó ní oníná máa ń sáré ju ọgbọ́n orí òun lọ, pé òun fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun mọ ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe. Ṣòkòtò ló mọ̀ ọ́n rán jù. Ọkùnrin tó bá wọ ṣòkòtò bọ̀ọ̀dá mi lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn mọ́, n kò sì sọ ọ́ nítorí pé ìyá kan náà ló bí wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń wò ní láàbù, yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dá ṣáṣá máa ń dán. Bí ọ̀rá bá ti ń wọ inú ògiri rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ara máa ń rán àwọn sẹ́ẹ̀lì kan lọ síbẹ̀ láti gbá a mọ́. Gbígbé ni wọ́n ń gbé ọ̀rá náà mì. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn jíìnì wà, àwọn ló ń pàṣẹ: àwọn kan ń pàṣẹ pé kí ọ̀rá wọlé, àwọn kan ń pàṣẹ pé kí ó gba ẹ̀yìn jáde kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé e lọ. Orúkọ wọn nínú ìwé jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò ṣeé pè, ni àwa tí à ń fọ ìgò bá sọ wọ́n ní Agbọ́ráwọlé àti Agbọ́rájáde.

Jíìnì tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń kọ iṣẹ́ rán sí sẹ́ẹ̀lì. Àwọn iṣẹ́ tó kọ yẹn la máa ń kà. Tí a bá rí púpọ̀, a mọ̀ pé jíìnì náà jí. Tí a bá rí díẹ̀, a mọ̀ pé ó ti ń tòògbé. Nígbà tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Agbọ́rájáde máa ń jí gan-an, ju ti ẹni tí kò ṣàìsàn lọ. Ìyẹn ló máa ń ká mi lára jù nínú iṣẹ́ yìí. Ara ti mọ̀, ó sì ti ń jà, ẹni tó ni ara kò tíì mọ nǹkan kan. Tó bá yá, á rẹ̀ ẹ́. Kì í rẹ Agbọ́ráwọlé ní tiẹ̀. Á ṣáà máa kó ọ̀rá wọlé. Sẹ́ẹ̀lì á kún, á bẹ́, òun tó wá gbálẹ̀ á di ìdọ̀tí. Ní ìparí, tí ògiri bá ti le, tí ihò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, a lè wá iṣẹ́ ọwọ́ Agbọ́rájáde títí kí a má rí ju bíńtín lọ.

Ọ̀gá wa ló ya gbogbo ìyẹn sórí ìwé. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni. Ìyá Ìlà là ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tí kò ní fẹ́ fi ìlà ṣàlàyé, títí dé bí wọ́n ṣe ń po tíì. Ìwé ńlá kan wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ìlà kan sì ń wálẹ̀ gbọọrọ lórí rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fara hàn lára rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ti pẹ́. Iṣan kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé ní bébà róbótó pupa tirẹ̀ tí à ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bí àìsàn ṣe pẹ́ tó lára ẹni tó ni ín ni a fi ń mọ bí yóò ṣe lọ sí ọ̀tún tó. Bí Agbọ́rájáde rẹ̀ ṣe jí tó ni a fi ń mọ bí yóò ṣe ga tó. A kì í mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ni, àti fọ́ọ̀mù ojú ewé kan.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, iṣan mẹ́fà ni mo ti lọ̀ kúnná kí àsìkò oúnjẹ ọ̀sán tó tó, nínú odó kékeré kan tó tutù débi pé ó lè bó ni láwọ. Nígbà tí mo ṣíwọ́, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù bọ̀ọ̀dá mi. Káàdì iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́rùn mi. Ṣòkòtò kan ló ń rán lọ́wọ́. Ó tẹ ẹ̀rọ, ó dúró, ó na ẹsẹ̀ òsì gbọọrọ, ó ń fi ọwọ́ fún ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀.

"Kí ló dé, Bọ̀ọ̀dá mi?"

"Iṣan ni jàre. Iṣan ẹsẹ̀ yìí. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ dé ibì kan, á fà mí, á le gbagidi. Tí mo bá sinmi díẹ̀, á tún fi mí sílẹ̀."

Ohun tí mo sọ rèé, n kò fi kún un, n kò sì yọ nínú rẹ̀: "Ẹ̀rọ ayé àtijọ́ tí ẹ ò fẹ́ fi sílẹ̀ yìí ni. Iṣan ló rẹ̀ yín. Ẹ ra ìpara gbígbóná, kí ìyàwó wa máa bá yín fi fún un."

"Ìyàwó yín ò ní ráyè tèmi."

"Ẹ máa fún un fúnra yín nígbà náà."

A rẹ́rìn-ín. Ó ra ìpara náà lọ́jọ́ kejì.

Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ní láàbù, tí ẹnikẹ́ni bá pe iṣan, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá ni. Nílé, iṣan ni ohun tó ń fa ni lọ́rùn tí a bá sùn gbòdì, ohun tó ń le lẹ́sẹ̀ ẹni tó rìn jù, ohun tí wọ́n ń fi ìpara fún. Okùn tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan ni. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, iṣan ni. Èyí tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, iṣan náà ni. Gbogbo wa tí a bí sínú èdè yìí mọ bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ láì tilẹ̀ ronú: ibi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ló ń sọ èyí tí à ń wí. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni mo wà. Iṣan ti ilé ni mo gbọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń dun ni nígbà tí a bá lò ó, tó ń fi ni sílẹ̀ nígbà tí a bá sinmi, ó wà lójú ewé kejì ìwé tí wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́. Mo lè kà á fún yín lórí.

Bọ̀ọ̀dá mi kì í ráhùn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń wọn ìrora náà, á sì sọ ọ́ fún mi bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó lè rán odindi ṣòkòtò kí ó tó dúró. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó ní ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ni. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, láti ìbàdí dé orúnkún. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní kí ó gbé ẹ̀rọ oníná jáde. Mo ní ìpara yẹn ni kò dára, mo sì bá a ra òmíràn tó ta ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo gbé e lọ fún un tẹ̀rín-tẹ̀rín. Tí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn báyìí, inú á bí mi débi pé mo máa ń ju ohun tó bá wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá, bàtà bó ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Egbò náà kò ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò jiná. Nígbà tí ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyàwó wa pè mí lórí fóònù.

"Onígò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan. Ìka ẹsẹ̀ ọkọ mi ti dúdú."

"Ó dúdú báwo?"

"Dúdú bí èédú. Tí mo bá sì fọwọ́ kàn án, kò mọ̀."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ láàbù pẹ̀lú ibọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti wá gbọ́ ohun tí bọ̀ọ̀dá mi sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ju ọdún kan lọ kí gbólóhùn yẹn tó dé etí mi.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ tó gbà wá jẹ́ ọ̀dọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan sí ẹsẹ̀ bọ̀ọ̀dá mi, irú èyí tó ń jẹ́ kí a gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ. Ní ẹsẹ̀ ọ̀tún a gbọ́ ọ, fúú, fúú, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ní ti òsì, láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ó gbé e síbí, ó gbé e sọ́hùn-ún. Mo ń bẹ ẹ̀rọ náà nínú ara mi pé kí ó ṣáà sọ̀rọ̀.

"Bàbá," ni dókítà wí, "ìgbà wo lẹ ti ń mọ ìrora lẹ́sẹ̀ yìí?"

Bọ̀ọ̀dá mi ń wo òrùlé. "Láti ìgbà tí bàtà ti bó mi."

"Ṣáájú ìyẹn, kì í dùn yín tí ẹ bá ń rìn, tàbí tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́?"

"Rárá."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Nígbà tí kò dùn mí, kí ni mo fẹ́ sọ?"

Mo jókòó tì í. Mo la ẹnu, mo sì pa á dé. Mo sọ fún ara mi pé ó ti gbàgbé ni, pé ẹ̀rù lè mú ènìyàn gbàgbé nǹkan. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé ara tù mí. Ojú sì tì mí pé ara tù mí.

Wọ́n gbìyànjú. N kò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ ti wáyà tín-ín-rín kan gba inú iṣan náà kí ọ̀nà lè là fún ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tì í, ẹ̀ẹ̀mejì ni kò kọjá. Dókítà ní ibi tó dí náà gùn, ó sì ti le bí òkúta. Ó ní kí a fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn mo wọ ọ́fíìsì Ìyá Ìlà. N kò sọ ẹni tó ń ṣàìsàn fún un.

"Ọ̀gá, ṣé kò sí ohun tó lè jí Agbọ́rájáde padà?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Lára eku, wọ́n ní ó ń jí díẹ̀."

"Lára ènìyàn ńkọ́?"

"Èyí tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí, n kò tíì rí i."

"Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí a ti ń lọ iṣan, ọ̀gá. A mọ ọ̀nà tí àrùn yìí ń gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin."

"Ta ló sọ fún ọ?" Ó nawọ́ sí ìwé ara ògiri. "Ẹnì kan, ẹ̀ẹ̀kan péré la máa ń gé iṣan rẹ̀. Ẹni tí a rí níbẹ̀rẹ̀, a ò rí i lópin. Ẹni tí a rí lópin, a ò sí níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la tò tẹ̀léra wọn, àwa la fa ìlà sí i."

N kò gbọ́ kí ó bú ìlà rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì padà sídìí odó mi.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ orúnkún ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní àárọ̀. Oṣù mẹ́rìnlá géérégé nìyẹn sí ọjọ́ tí mo ní kí ó ra ìpara. Nígbà tó jí, ó wo ibi tí aṣọ ìbora ti bọ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì wò mí.

"Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n pè é, Onígò. Wọn ò pè é ní ẹlẹ́sẹ̀ méjì."

Ìyàwó wa jáde lọ sunkún sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo tẹ̀lé e, a jọ sun ún.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo padà síbi iṣẹ́. Awakọ̀ ilé ìwòsàn gbé kúlà wá, iṣan mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, fọ́ọ̀mù mẹ́rin ló so mọ́ ọn. Mo ń tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì dé orí ẹ̀kẹta. Ọkùnrin. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Aránṣọ. Ẹsẹ̀ òsì, ìsàlẹ̀ orúnkún. Kì í mu sìgá. Àìsàn kọ́kọ́ fara hàn: oṣù mẹ́ta kí a tó gé e.

Òfin wa ni pé ẹni tó bá mọ ẹni tó ni iṣan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo mọ òfin náà dáadáa, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n mo wo yàrá náà yíká, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, odó, ìgò, n kò sì lè ronú pé kí ẹlòmíràn nínú wọn lọ bọ̀ọ̀dá mi kúnná. Mo mú un. Kò ju ìdajì ìka mi lọ. Mo ti rí irú rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún, ọ̀rá tó ti pọ́n rúsúrúsú, ibi funfun tó le tó ń dún lábẹ́ ọ̀bẹ, ihò tí abẹ́rẹ́ kò lè kọjá. Mo wá ibi tí mo lè sọ pé èyí ni oṣù kìíní, èyí ni ọjọ́ tó sọ fún mi. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Mo lọ̀ ọ́.

Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èsì tó jáde. Agbọ́ráwọlé rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé wọ́n ń lé e. Agbọ́rájáde fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá.

Ìyá Ìlà gé bébà róbótó pupa kan, ó wo fọ́ọ̀mù, ó sì lẹ̀ ẹ́ síbi tí oṣù mẹ́ta wà, ní apá òsì ìwé náà. Gbogbo àwọn tó wà lápá ibẹ̀ ló ga, torí pé ìbẹ̀rẹ̀ ni, ara ṣì ń jà. Òun nìkan ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìyá Ìlà dúró níwájú rẹ̀ títí tíì rẹ̀ fi tutù.

"Ẹ wá wo eléyìí," ló pè wá. "Oṣù mẹ́ta péré, jíìnì ti sùn. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Tó bá jẹ́ pé lára àwọn kan, jíìnì yìí ló kọ́kọ́ sùn, kí àìsàn tó dé rárá ńkọ́? Á jẹ́ pé ìdàkejì la ti ń rò láti ọjọ́ yìí." Ó ní ká máa wá irú rẹ̀ sí i láti ọ̀la, pé òun yóò kọ̀wé sí àwọn ilé ìwòsàn yòókù. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti bá a ṣiṣẹ́, n kò rí ìdùnnú bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ bí mo ṣe ṣíwọ́.

Bọ̀ọ̀dá mi wà nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì fara ti tábìlì, ó ti pa ẹsẹ̀ ṣòkòtò òsì pọ̀ sókè, ó sì rán an mọ́ra dáadáa bí iṣẹ́ oníbàárà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló fi ń tẹ ẹ̀rọ. Mo jókòó sórí àga oníbàárà, mo ń wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń fi ọwọ́ fún ẹ̀yìn ojúgun.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ti ọ̀tún?"

"Ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan àti ààbọ̀," ló wí.

"Ẹ ti sọ fún dókítà?"

"Mo ti sọ fún un. Ó fi oògùn kún oògùn, ó ní kí n máa rìn dáadáa. Mo bi í pé ẹsẹ̀ wo ni kí n fi rìn."

Ó rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbọ́ ọ yékéyéké, mo mọ iṣan tó ń wí, mo mọ ohun tó ń lọ nínú ògiri rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, mo mọ orúkọ ẹni tó ń kó o wọlé àti ẹni tó ti rẹ̀. Kò sí ohun tí mo lè fi ìmọ̀ náà ṣe fún un ju kí n jókòó sórí àga lọ.

"Kí ló dé tí ẹ sọ fún dókítà pé oṣù mẹ́ta ni?"

"Mo ti gbàgbé ni."

"Ẹ ò gbàgbé. Ẹ ò gbàgbé ìwọ̀n ìbàdí oníbàárà tó wá ní ọdún méje sẹ́yìn."

Ó gé òwú, ó yẹ ojú ìrán náà wò.

"Ìwọ lo jókòó tì mí, Onígò. Káàdì iṣẹ́ rẹ wà lọ́rùn rẹ, dókítà yẹn sì ti kà á, mo rí i tó ń kà á. Ṣé kí n wá sọ níwájú rẹ̀ pé ẹni tó ń yẹ iṣan wò níbi iṣẹ́ ló ní kí n fi ìpara pa á?"

Mo fi ọwọ́ bo káàdì ọrùn mi.

"Ẹsẹ̀ ti lọ," ló wí. "Ṣé kí n tún fi ìwọ náà kún un ni? Bá mi na abẹ́rẹ́ yẹn."

Mo na abẹ́rẹ́ sí i. Mo sunkún nígbà tí mo dé ilé, inú mi sì ń bí sí i gan-an, torí pé ó fi àánú dí mi lẹ́nu láì tilẹ̀ bi mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ìlà ti wà níwájú ìwé ara ògiri kí n tó wọlé. Ó ti yí àmì róbótó náà po pẹ̀lú bíírò.

"Ọ̀gá," mo ní, "fọ́ọ̀mù eléyìí ò péye. Kì í ṣe oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́rìnlá ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àbúrò rẹ̀."

"Ṣé ó dá àbúrò rẹ̀ lójú?"

"Ó dá mi lójú, ọ̀gá."

Ó wò mí. Ó wo ọwọ́ mi, bóyá ó ń ronú nípa odó àti òfin ara ilẹ̀kùn, n kò mọ̀. Ìdùnnú àná kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì dúró wò ó bó ṣe ń kúrò, torí èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó yọ fọ́ọ̀mù àtúnṣe kan, ó gbé e fún mi pẹ̀lú bíírò. Mo kọ nọ́ńbà iṣan náà. Mo fagi lé mẹ́ta, mo kọ mẹ́rìnlá. Àlàfo kan kù nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: bí ẹ ṣe mọ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ó sọ fún mi nígbà náà. N kò gbọ́.

Ìyá Ìlà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ nǹkan kan nípa òfin lọ́jọ́ yẹn. Ó fi èékánná ṣí bébà pupa náà kúrò lápá òsì, ó gbé e gba orí ìlà kọjá lọ sí ọ̀tún, níbi tí àwọn tó ti pẹ́ wà, tí gbogbo wọn ti wálẹ̀, tí wọ́n fún pọ̀ mọ́ra débi pé bébà gun orí bébà. Ó lẹ̀ ẹ́ sáàárín wọn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó lè dúró. Ó bá ìlà mu rẹ́gí.

Mo gbójú kúrò láti wá áńkáṣíìfù tí mo fi nu ojú mi. Nígbà tí mo padà wo ìwé náà, n kò lè mọ èyí tó jẹ́ ti bọ̀ọ̀dá mi nínú wọn mọ́.